Ẹkùn Kọ́ Ni Ẹ Ń Lọ Wò: Lórí Ìrìn-àjò Afẹ́ sí Igbó Íńdíà

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti kọ nǹkan sí ojú ewé yìí kẹ́yìn. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ohun tí ó lé mi padà sídìí kọ̀ǹpútà lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ni ó fi ìwé ètò kan ránṣẹ́ sí mi ní oṣù tí ó kọjá. Ó ní, “Ọ̀mọ̀wé, bá mi yẹ èyí wò kí n tó san owó.” Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì ni wọ́n fẹ́ lọ lo ìsinmi ní Íńdíà. Àkọlé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí orí ìwé náà ni “Ìrìn-àjò lọ wo ẹkùn.” Ọjọ́ 11 ni gbogbo rẹ̀: Delhi, Agra níbi tí Taj Mahal wà, igbó Ranthambore ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, igbó Bandhavgarh àti igbó Kanha ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, lẹ́yìn náà Delhi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní alẹ́ tí wọ́n máa lò kẹ́yìn nínú igbó, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ètò náà fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n pè ní àṣà: ijó àwọn ará igbó lẹ́bàá iná, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí mi. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí i. Ó fèsì pé ṣe ni mo fẹ́ fi ìmọ̀ èdè ba ìgbádùn òun jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹjọ́ náà wá síbí, nítorí mo mọ̀ pé irú ìwé ètò bẹ́ẹ̀ ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, àti àwọn mélòó kan nílé pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí á ti ìdí àkọlé bẹ̀rẹ̀. Ẹranko tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ sí Íńdíà lọ wò, ẹranko pupa rúsúrúsú tí ilà dúdú gbọọrọ wà lára rẹ̀, kì í ṣe ẹkùn. Éṣíà ni ilé rẹ̀; kò sí ìgbà kan tí ó gbé inú igbó Áfíríkà. Ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, tí wọ́n ń fi ìjálá kì, jẹ́ ẹranko alámì róbótó-róbótó. Lójú tèmi, ìwé aláwòrán tí ó ti òkè òkun wá ni ó da ọ̀rọ̀ rú: olùkọ́ rí àwòrán ẹranko onílà, kò ní orúkọ fún un, ó sì sọ ọ́ ní ẹkùn fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ mi ń jiyàn pé bí àmọ̀tẹ́kùn bá ti jẹ́ ẹranko alámì yẹn, a jẹ́ pé onílà ni ẹkùn. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ẹranko tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú kàn rí ni àwọn baba wa ń kì láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Nínú èdè Híńdì, bāgh ni ẹranko onílà, tendua sì ni alámì róbótó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta wà, sher, tí wọ́n yá láti inú èdè Páṣíà níbi tí ó ti túmọ̀ sí kìnnìún, tí àwọn ará Íńdíà sì ń fi pe kìnnìún àti ẹranko onílà pọ̀. Ìdí nìyí tí Shere Khan, ìkà ẹranko onílà inú ìwé The Jungle Book tí Rudyard Kipling kọ ní ọdún 1894, fi ń jẹ́ orúkọ kìnnìún, tí Bagheera tí ó jẹ́ ẹkùn dúdú sì ń jẹ́ orúkọ tí a fa yọ láti ara bāgh. Bí àwọn tí wọ́n ń bá ẹranko náà gbé bá lè ṣi orúkọ lò báyẹn, n kò ní fi ìyẹn dá ọ̀rẹ́ mi lẹ́bi. Táígà ni èmi yóò máa pè é nínú àròkọ yìí; ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.

Ohun tí ó bí mi nínú ni pé ọ̀rẹ́ mi ti ilé gbé orúkọ lọ, ó sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí yóò bá níbẹ̀, láìbéèrè bóyá olóhun wà níbẹ̀. Ẹkùn gan-an, ẹkùn tí a fi ń ki akọni, wà nínú igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó kọ sílẹ̀. Ẹ̀yà kan náà ni pẹ̀lú tiwa. Wọn kò mẹ́nu kàn án rárá nínú ìwé ètò náà. Ọmọ Yorùbá yóò ná owó gọbọi, yóò fò kọjá òkun, ẹkùn yóò nà gbalaja lórí ẹ̀ka igi lókè orí rẹ̀, kò sì ní gbójú sókè nítorí pé ẹkùn ni ó ń wá nílẹ̀.

Ètò náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Oṣù kẹjọ ni wọ́n mú, nítorí ìgbà náà ni àwọn ọmọ gba ìsinmi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje títí di òpin oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ti àárín igbó ìpamọ́ Madhya Pradesh pa, nítorí òjò. Ojú ọ̀nà á di ẹrẹ̀, odò á kún. Apá ẹ̀gbẹ́ igbó nìkan ni wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ ní àwọn ibì kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí táígà ń lọ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún nígbà tí oòrùn bá ń jó ni, tí omi bá ti gbẹ, tí ẹranko sì gbọ́dọ̀ wá sídìí ìwọ̀nba adágún tí ó kù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ètò náà mọ èyí. Ní ìsàlẹ̀ ewé tí ó kẹ́yìn, wọ́n fi lẹ́tà tíntìntín kọ ọ́ pé igbó lè wà ní títì, àti pé owó kò ní padà.

Ẹ tún wo ọ̀nà. Láti Ranthambore dé Bandhavgarh, odidi ọjọ́ kan ni yóò bá a lọ, bí ọkọ̀ ojú irin kò bá sì pẹ́ nìyẹn. Láti Bandhavgarh dé Kanha, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà nínú mọ́tò. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, nínú ọjọ́ 11, bí ọjọ́ márùn-ún ni wọn yóò lò lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọn yóò wọ inú igbó. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́rú ní Kanha, bẹ́ẹ̀ ni àwọn igbó Madhya Pradesh kì í ṣílẹ̀kùn ní ọ̀sán ọjọ́rú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibẹ̀.

Ẹni tí kò bá lọ rí lè rò pé ṣe ni ènìyàn máa ń wakọ̀ rìn káàkiri bí ó bá ṣe wù ú. Rárá o. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan ṣáájú ni a ti ń gba ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà olúkúlùkù. Ìwé àṣẹ náà yóò sọ ẹkùn igbó tí o lè wọ̀ (ẹ foríjì mí, ẹkùn ti agbègbè ni mo ní lọ́kàn; ohùn rẹ̀ àti ti ẹranko kò yàtọ̀, ẹ ò rí i bí èdè wa ṣe ń fi ẹni ṣẹ̀fẹ̀). Ọkọ̀ kan, àlejò mẹ́fà, awakọ̀, afinimọ̀nà. Ìdájí ni a ń tò sẹ́nu géètì. Bí táígà bá wà ní apá kejì odò, tí kò sì sí nínú ìwé rẹ, o kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Íńdíà tilẹ̀ fi òfin de ìrìn-àjò afẹ́ ní àárín igbó táígà gbogbo láti oṣù keje di oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ìlànà tuntun, pé ibi tí àlejò lè dé kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àárín igbó lọ.

Mo ti lọ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 iṣẹ́ gbé mi dé Mysuru, ìlú tí Central Institute of Indian Languages wà láti ọdún 1969. Nígbà tí iṣẹ́ parí mo wọ bàálù lọ sí Jabalpur, mo sì fi mọ́tò dé ẹnu géètì Khatia ní Kanha. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ igbó. N kò rí táígà kankan.

Kí ni mo rí? Mo rí ipasẹ̀ rẹ̀ nínú eruku, ó tóbi ju ọwọ́ mi lọ, ó tutù síbẹ̀. Mo sì gbọ́ èdè. Afinimọ̀nà wa, ọkùnrin Gond kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. A dákẹ́. Chital, àgbọ̀nrín alámì funfun, ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn tí ó ga tí ó sì mú. Ó ní ìyẹn kò tó. Chital ń bẹ̀rù ohun gbogbo, ó lè jẹ́ pé ewé ni ó já. Lẹ́yìn náà ọ̀bọ langur húkọ́ láti orí igi sal. Ó ní a lè gba ti ọ̀bọ gbọ́ díẹ̀, nítorí òkè ni ó wà, ó ń rí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni sambar, àgbọ̀nrín ńlá, fọhùn, ohùn tí ó wúwo bí ìgbà tí a lu ẹnu odù. Ọkùnrin náà di igi ọkọ̀ mú. Ó ní sambar kì í parọ́. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ìwọ̀n òtítọ́ mẹ́ta, ọ̀nà tí a fi ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún ọdún pípẹ́ nípa bí èdè kan ṣe ń fi hàn bóyá ojú ni olùsọ̀rọ̀ fi rí ohun tí ó ń sọ tàbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. N kò rí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ yé mi bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí.

Àwọn mẹ́rin tí a jọ wà nínú ọkọ̀ ńkọ́? Inú wọn bàjẹ́. Ọ̀kan ń wo aago. Ọ̀kan bi afinimọ̀nà bóyá ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí awakọ̀ mìíràn pariwo láti òkèèrè pé táígà wà ní ẹ̀gbẹ́ adágún kan, a sáré pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rìnlá, eruku bò wá bí ẹni tí ó ń bọ̀ láti ibi ìwólé, a sì bá ọkọ̀ mẹ́jọ mìíràn tí wọ́n tò bí ìgbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n nílé. Táígà ti lọ. Ohun tí a bá ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wo ara wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a dúró létí pápá koríko kan, ibi tí ó lẹ́wà jù lọ nínú igbó náà. Ìrì wà lórí rẹ̀, àgbọ̀nrín ń jẹ kiri, kámẹ́rà ń dún ṣá-ṣá-ṣá. Mo bi afinimọ̀nà pé kí ni ó dé tí igi kò hù níbẹ̀. Ó ní abúlé ni. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òkúta ni.

Ọ̀pọ̀ nínú pápá koríko Kanha tí ẹ ń rí nínú àwòrán ni ó jẹ́ oko àti ojúde àwọn Baiga àti àwọn Gond nígbà kan. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìjọba ti ń kó abúlé wọn jáde kúrò láàárín igbó. Mo fẹ́ ṣòtítọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Àgbọ̀nrín barasingha, tí ìwo rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi, ti ku 66 péré ní Kanha ní ọdún 1970. Ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ni wọ́n lónìí, koríko orí ilẹ̀ abúlé wọ̀nyẹn sì wà lára ohun tí ó gbà wọ́n là. Ètò Project Tiger bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1973 pẹ̀lú igbó mẹ́sàn-án. Iye táígà tí wọ́n fojú bù ní Íńdíà ní ọdún 2006 jẹ́ 1,411; ti ọdún 2022 jẹ́ 3,682, nínú èyí tí 785 wà ní Madhya Pradesh nìkan. Iṣẹ́ ńlá ni. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kí táígà tán kí inú mi lè dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ó san gbèsè yẹn, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ètò ọjọ́ 11. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá lé ará igbó. Ní ọdún 2008 ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlérí mílíọ̀nù kan rúpìí nígbà náà fún ìdílé tí ó bá gbà láti kó jáde. Ẹni tí ó ń gbé nínú igbó láti ìran dé ìran, tí kò ní ilé-ìwé, tí kò ní ọ̀nà, tí a sì ní kí ó “gbà” láti lọ: irú gbígbà wo nìyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi sọ nínú èsì rẹ̀ pé owó arìnrìn-àjò ni ó ń dáàbò bo táígà. Gbólóhùn yìí wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè nípa Sariska. Igbó táígà ni Sariska ní Rajasthan, kò jìnnà sí Delhi, àlejò ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Láàárín ọdún 2004 sí 2005 ni a wá rí i pé kò ku táígà ẹyọ kan. Àwọn apẹran-lólè ti pa wọ́n tán. Ní ọdún 2009, Panna tí ó wà lẹ́bàá àwọn tẹ́ńpìlì Khajuraho náà ṣófo. Àlejò ń lọ, àlejò ń bọ̀, owó ń wọlé, táígà ń tán lọ. Láti inú igbó mìíràn ni wọ́n ti kó òmíràn padà wá sí méjèèjì. Owó àlejò lè ṣe ìrànwọ́ bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ igbó, tí ó ń mọ̀ nígbà tí àjèjì bá wọlé lóru. Bí ó bá ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù bọ́ sí ọwọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Delhi, kí ni ti táígà níbẹ̀?

Àwọn tí mo ń wí yìí mọ táígà lọ́nà tí ìwé ètò kò mọ̀. Àwọn Baiga ń bọ ọ́, wọ́n ń pè é ní Bagh Dev; àwọn aládùúgbò wọn a sì máa pe àwòrò Baiga láti wá ṣètùtù bí táígà bá pa ènìyàn. Ní Pench, nígbà tí abo táígà tí wọ́n ń pè ní Collarwali kú ní oṣù kìíní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ó ti bí ọmọ 29, àwọn ará ibẹ̀ fi òdòdó bo òkú rẹ̀, wọ́n sì sun ún bí wọ́n ṣe ń sun òkú èèyàn wọn. Ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, ní Sundarbans tí omi iyọ̀ ti ń wọ inú igbó, àwọn tí wọ́n ń wá oyin àti igi kì í pe táígà lórúkọ nínú igbó. Mama ni wọ́n ń pè é, ìyẹn arákùnrin ìyá ẹni. Hindu àti Mùsùlùmí wọn jọ ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ Bonbibi kí wọ́n tó wọ inú igbó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ta ni ó yẹ kí èyí yé ju àwa lọ? Àwa tí a kì í pe ejò ní ejò lóru, tí a ń pè é ní okùn ilẹ̀. Àwa tí a ń pe Ṣànpọ̀nná ní Ilẹ̀ẹ́gbóná kí ó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa. Odidi ẹ̀kọ́ kan lórí èèwọ̀ èdè wà níbẹ̀, kò sì sí ibi tí ó wọ̀ nínú ètò ọjọ́ 11.

Èyí gbé mi dé orí wákàtí àṣà. Mo wà níbi ọ̀kan ní ọdún 2017. Àwọn Baiga bí méjìlá, ọkùnrin àti obìnrin, jó yí iná ká fún ogójì ìṣẹ́jú. Fín-ín-fín wà lára àwọn obìnrin wọn, lẹ́sẹ̀ àti lápá, ó dára púpọ̀. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fi èdè òyìnbó sọ fún wa pé ijó àtayébáyé ni, ó ní kí á pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí orin náà wí.

Ara mi kò balẹ̀, mo sì mọ ìdí. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, wọ́n pe àwọn onílù dùndún fún àwọn àlejò àpérò kan. Àwọn àlejò òyìnbó ń mi orí, wọ́n ń ya fọ́tò. Ohun tí gángan ń sọ ni pé: “Ẹran ni wọ́n jẹ, ẹ̀bà òfìfo ni wọ́n fún wa.” Ó sọ ọ́ títí. Àwa mẹ́ta tí a gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ kò mọ ibi tí a óò fi ojú sí. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn di ohun ọ̀ṣọ́ nínú ìsinmi ẹlòmíràn.

Nítorí náà ní Kanha, nígbà tí ijó parí, mo bẹ afinimọ̀nà mi kí ó bá mi béèrè lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ń lé orin ohun tí ó ń sọ. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní orin ìgbéyàwó ni, orin èébú, tí wọ́n fi ń bá àwọn àna wí pé wọ́n pẹ́ dé, wọ́n jẹun jù, wọn kò sì mú nǹkan dání. Mo wo àwo oúnjẹ tí ó wà níwájú àwa àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èdè kún un, nítorí iṣẹ́ mi ni. Gondi, èdè àwọn Gond, kì í ṣe ẹ̀ka Híńdì. Ìdílé Dravidian ni ó ti wá, Telugu ni ó bá tan. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tí wọ́n sọ pé òun ni èdè abínibí wọn. Èdè 22 ni òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà kọ sílẹ̀ fún ìdánimọ̀ pàtàkì. Sanskrit wà níbẹ̀, tí ènìyàn 24,821 péré pè ní èdè abínibí wọn nínú ìkànìyàn kan náà. Gondi kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Gond tí ó wà ní agbègbè Kanha ni ó ti ń sọ Híńdì nínú ilé. Àwọn Pardhan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ orin ìtàn ìdílé fún àwọn Gond pẹ̀lú gòjé kan tí ń jẹ́ bana, gẹ́gẹ́ bí arọ́kìn àti onírárà wa. Láti ìdílé Pardhan ní abúlé Patangarh, tí kò jìnnà púpọ̀ sí igbó náà, ni Jangarh Singh Shyam ti jáde, ẹni tí ó gbé orin bana sórí bébà àti ògiri pẹ̀lú ọ̀dà, tí ayé fi mọ àwòrán Gond kí ó tó kú ní Japan ní ọdún 2001. Táígà pọ̀ nínú àwọn àwòrán ibẹ̀. Títí di òní ni àwọn ará abúlé rẹ̀ ń ya àwòrán. Ọ̀rẹ́ mi yóò kọjá lẹ́bàá ibẹ̀ nínú mọ́tò tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí eruku.

Mo sọ fún un pé kí ó yọ Ranthambore kúrò, kí ó yọ Bandhavgarh kúrò. Kí ó mú Kanha nìkan, ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje, ní ìgbà ìsinmi Àjíǹde tí ó bọ́ sí oṣù kẹrin. Kí ó sùn sí ilé kékeré tí ará àdúgbò ni ín, kí ó bẹ̀ wọ́n fún afinimọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì fi ọjọ́ kan gbáko dé Patangarh láìgbé kámẹ́rà sójú. Kí àwọn ọmọ kọ́ ogún ọ̀rọ̀ Híńdì kí wọ́n tó lọ: omi, ẹ ṣé, kí ni orúkọ yín, kí ni èyí ń jẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá rí táígà, ó dára. Ọjọ́ méje a máa fún ènìyàn ní ààyè ju ọjọ́ méjì lọ. Bí wọn kò bá rí i, wọn yóò mọ ohùn sambar.

Àná ni èsì rẹ̀ dé. Ó ti gba oṣù kẹrin. Ó ti yọ igbó méjì kúrò. Taj Mahal ṣì wà níbẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ ní òun kò ní dé Íńdíà kí òun má dé ibẹ̀, n kò sì ní ìjà kankan pẹ̀lú obìnrin náà lórí ìyẹn. Àwọn ọmọ ti ń kọ́ Híńdì nínú fóònù. Ó ní èyí àbúrò ti ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àkọlé ìwé náà kò yí padà. Ó ṣì jẹ́ “Ìrìn-àjò lọ wo ẹkùn.” Mo pè é lórí fóònù láti bi í léèrè. Ó ní òun ti ka lẹ́tà mi dáadáa, òun yóò máa gbójú sókè wo orí igi ní tòun, bí òun bá sì rí ẹkùn gidi níbẹ̀, ta ni yóò sọ pé àkọlé òun kò tọ̀nà?